Ọ̀bẹ Ńlá Tó Ń Ká: Ohun Tó Lè Ṣe fún Yín àti Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba àpò irinṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ti rí i pé láàárín bọ́kẹ́ẹ̀tì, okùn, tapólínì, ọṣẹ àti ìbọ̀wọ́, ọ̀bẹ kan wà níbẹ̀ tó ń ká wọ inú èèkù ara rẹ̀. Bí ẹ bá ká a, ó wọ àpò ṣòkòtò. Bí ẹ bá ṣí i, ojú rẹ̀ gùn tó ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé ẹran. Àwọn kan nínú yín ti bi wá léèrè ohun tí a ń fi í ṣe. Àwọn mìíràn kò bi wá, wọ́n kàn ń lò ó bí ẹni ń lo àdá.

Ẹ̀bi wa ni èyí. Nígbà tí a kọ́kọ́ pín ọ̀bẹ náà, a pín in bí ẹni ń pín búrẹ́dì, a kò ṣàlàyé kankan. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí bàbá kan fi wá bá wa, aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ ti rin ni wọ́n fi di ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó ti padà lọ wo ilé rẹ̀, ó bá ilẹ̀kùn yàrá tó ti mu omi wú, tí kò ṣeé ṣí. Ó ki ṣóńṣó ọ̀bẹ bọ àárín ilẹ̀kùn àti férémù, ó ń fi í yọ ọ́ bí ẹni ń fi díńgà yọ òkúta, ni ọ̀bẹ bá ká mọ́ ọn lọ́wọ́. Bíríkìlà ni bàbá yìí. Ó lé ní oṣù kan tí kò lè di irinṣẹ́ mú, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo àdúgbò ló ń wá bíríkìlà tí yóò bá wọn tún ògiri ṣe. Kò bá wa jà. Ohun tó wí kò ju pé, “Ẹ kò sọ fún mi pé ó lè ká padà.”

Ìdí nìyẹn tí a fi jókòó kọ ìwé yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ̀wé kà nínú ilé kó kà á sí etígbọ̀ọ́ àwọn yòókù, pàápàá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ padà lọ palẹ̀ ilé mọ́.

Oríkèé ló wà níbẹ̀

Ẹ wo ọ̀bẹ ìdáná yín. Irin rẹ̀ wọ inú èèkù lọ tààrà, irin àti èèkù ti di ọ̀kan. Àdá náà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀bẹ tó ń ká kò rí bẹ́ẹ̀. Oríkèé ló ní, bí ìgúnpá èèyàn. Ìṣó kan ṣoṣo ló so irin mọ́ èèkù, orí ìṣó yìí sì ni irin náà ti ń yí. Ohun tó ń mú kó dúró gbọn-in nígbà tí ẹ bá ṣí i ni ìkọ́ kékeré kan tó ń fò wọ ìdí irin náà, tó sì ń dè é. Lára àwọn kan, ẹ̀yìn èèkù ni ìkọ́ yìí wà, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ kí ọ̀bẹ tó lè ká. Lára àwọn mìíràn, irin pẹlẹbẹ kan ni nínú ihò èèkù, àtàǹpàkò ni ẹ ó fi tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Oríṣi méjèèjì wà nínú èyí tí a pín, nítorí kì í ṣe ọwọ́ ẹnì kan náà ni a ti gbà wọ́n.

Oríṣi yòówù kó jẹ́, ibi tí ìkọ́ náà fi di irin mú kò tóbi ju èékánná ọwọ́ lọ. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ bá ń gé okùn, tí ẹ ń fi ẹnu ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀, agbára ọwọ́ yín ń ti irin náà sí ibi tó ṣí sí, kò lè ká. Ìkọ́ kò tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ púpọ̀ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ti ọ̀bẹ láti ẹ̀yìn, tàbí tí ẹ fi ṣóńṣó rẹ̀ gún ohun líle, tàbí tí ẹ fi í yọ nǹkan tó há, gbogbo agbára yẹn bọ́ sórí ìkọ́ tó tó èékánná. Bí ìkọ́ bá yọ̀, ibi kan ṣoṣo ni irin náà mọ̀ tí yóò ká sí, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ìka yín wà.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti ẹrẹ̀, nítorí òun gan-an ló mú kí ọ̀bẹ yìí léwu lẹ́yìn omíyalé ju ti ìgbà mìíràn lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lẹ́bàá odò Ògùn mọ̀ pé omi yẹn kì í ṣe àlejò wákàtí kan. Bí òjò bá pọ̀, tí wọ́n sì tú omi ìsédò Ọ̀yán sílẹ̀ lókè Abẹ́òkúta, ó ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá Ìṣẹ̀rì àti Arépo, ó ń bá àwọn ará Agboyi, ó sì lè jókòó sínú ilé fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ẹrẹ̀ tó ń fi sílẹ̀ kúnná bí èlùbọ́. Ẹ kò ní rí i lára ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n ó ti wọ oríkèé, ó ti jókòó sí ibi tí ìkọ́ yẹ kó wọ̀. Ọ̀bẹ náà yóò ṣí, yóò sì dà bíi pé ó ti dè, bẹ́ẹ̀ ìkọ́ kò tíì wọlé tán. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Tiwa yìí kò ní àkọ̀ kankan, èèkù rẹ̀ gan-an ni ilé rẹ̀, ilé ọ̀hún ni ẹrẹ̀ sì ń kún.

Nítorí náà, ẹ máa dán an wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, lójoojúmọ́, àti nígbàkigbà tó bá já bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ṣí i. A mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn kí wọ́n fi ọwọ́ kan jù ú ṣí, kó dún lójú ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó tutù, tí ọṣẹ tàbí ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ tí a fi ń dábírà. Ẹ fetí sí ìró “kó” tí ìkọ́ ń dún bó bá wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ di èèkù mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ìka kankan má ṣe wà lójú ihò tí irin ń ká sí, ẹ wá gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ lé etí tábìlì tàbí igi, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Kò gbọdọ̀ mì. Bó bá ká, tàbí tó ń mì jẹ́jẹ́, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan oríkèé náà, ẹ ṣí i, ẹ ká a lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nínú omi yẹn, kí ẹ tún un dán wò. Bí kò bá tún dè, kì í ṣe ọ̀bẹ mọ́ nìyẹn. Ẹ dá a padà fún wa.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ká a, ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gé ara wọn, nítorí iṣẹ́ ti parí, ọkàn sì ti kúrò níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ nu ọwọ́ gbẹ. Ẹ tú ìkọ́, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ọwọ́ kejì ti ẹ̀yìn irin díẹ̀díẹ̀. Bí tiyín bá jẹ́ oríṣi tí a ń fi àtàǹpàkò tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ti irin díẹ̀, kí ẹ dúró, kí ẹ yọ àtàǹpàkò kúrò nínú ihò, kí ẹ tó ká a tán. Ẹ má ṣe gbé e lé orí itan láti ká a.

Iṣẹ́ tí ọ̀bẹ yìí mọ̀ ọ́n ṣe

Iṣẹ́ tó dára jù lọ fún un ni gbogbo ohun tó rọ̀: okùn, tapólínì, àpò ìrẹsì, ọ̀rá, aṣọ, rọ́ọ̀gì, kẹ́ẹ̀gì tí ẹ fẹ́ gé ẹnu rẹ̀ láti fi bu omi ìdọ̀tí. Ohun tó sì yà wá lẹ́nu pé ó wúlò fún jù ni tìmùtìmù. Tìmùtìmù tó ti mu omi odò kò ṣeé gbé fún èèyàn mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé fi sílẹ̀ nínú yàrá. Àwọn kan gbìyànjú láti wọ́ tiwọn jáde odindi, wọ́n fi ẹ̀yìn ríro gbà á. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀ sílẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnì kan dì í mú fún yín. Ẹ kọ́kọ́ ya aṣọ orí rẹ̀, kí ẹ wá máa fa ọ̀bẹ gùn, láti ọ̀nà jíjìn wá sí ẹ̀gbẹ́ yín, kì í ṣe sí àárín ẹsẹ̀ yín. Ẹ má ṣe gún un. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójú ibì kan náà, fóòmù yóò ti já. Bó bá jẹ́ èyí tó ní irin wáyà ká-ká-ká nínú, ẹ gé aṣọ rẹ̀ nìkan, kí ẹ fi wáyà sílẹ̀.

Okùn tó le dan-in léwu ju èyí tó dẹ̀ lọ. Bí ẹ bá gé okùn tó so tapólínì mọ́lẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, tàbí okùn ọkọ̀ ojú omi tí omi ń fà, yóò fò padà, ó sì lè gbé ọ̀bẹ padà wá pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe lójú ibi tí okùn ń fà sí. Níbi gbogbo tí ẹ bá ti ń gé nǹkan, ẹ na apá yín tọ̀ún tọ̀bẹ, kí ẹ yí po. Kò gbọdọ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú ibi tí ó bá dé. Èyí kò rọrùn nínú kíláàsì tí ìdílé mẹ́fà ń gbé, a mọ̀, nítorí náà ẹ jáde síta láti gé nǹkan.

Ẹ má ṣe rìn nínú omi pẹ̀lú ọ̀bẹ ní ṣíṣí lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ lè yọ̀, ihò sì lè wà lábẹ́ omi tí ẹ kò rí. Bí ọ̀bẹ bá já bọ́ sínú omi dúdú ní ṣíṣí, ẹ má ṣe fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ wá a. Ẹ fi igi sàmì sí ibẹ̀, kí ẹ fi ráàkì tàbí ọkọ́ wọ́ ọ, bí kò bá sì sí, kí ẹ dúró di ìgbà tí omi bá fà. Ìyá kan tó ń ta ẹja ní ọ̀kan nínú àwọn ibùdó ti so aṣọ pupa tó gùn tó ìka mọ́ ìdí èèkù tirẹ̀. Nígbà tí a bi í, ó ní bí òun ṣe ń mọ ọ̀bẹ òun láàárín ti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òun lọ́jà nìyẹn. Láti ìgbà náà la ti ń so aṣọ pupa mọ́ gbogbo ọ̀bẹ kí a tó pín in, ó sì ti jẹ́ kí a rí ju ẹyọ kan lọ nínú ẹrẹ̀.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Kì í ṣe díńgà, kì í ṣe àdá, kì í ṣe àáké. Ẹ má ṣe fi yọ ilẹ̀kùn, fèrèsé, páànù tàbí ìṣó. Ẹ má ṣe fi òkúta tàbí òòlù lu ẹ̀yìn rẹ̀ láti la igi. Ẹ má ṣe fi ṣá ọ̀pá ọparun. Bí iṣẹ́ yín bá béèrè fún èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, àdá àti díńgà wà lọ́wọ́ alága ibùdó, ẹ lọ yá wọn kí ẹ sì dá wọn padà. Ó lè gbà yín ní wákàtí kan láti dúró de ẹni tó ń lò ó lọ́wọ́. Bàbá bíríkìlà yẹn ìbá fi tayọ̀tayọ̀ dúró de wákàtí mẹ́wàá.

Kò gbọdọ̀ kan wáyà iná. Nínú ilé tí omi ti wọ̀, ẹ ka gbogbo wáyà sí èyí tí iná wà nínú rẹ̀, kódà bí àdúgbò bá ṣókùnkùn. Wọ́n lè mú iná dé lójijì, aládùúgbò sì lè tan jẹnẹrétọ̀ kí iná rẹ̀ gba wáyà wọ ilé yín. Ike tàbí igi tó wà lára èèkù kò lè gbà yín sílẹ̀, nítorí irin wà nínú rẹ̀ láti orí dé ìdí.

Ẹ má ṣe fi gé oúnjẹ. Àwọn kan ti bi wá pé bí àwọn bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ńkọ́. Ojú irin yóò mọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oríkèé kì í mọ́ tán. Omi tó wọ ilé yín gba inú ṣáláńgá kọjá, àrùn onígbáméjì sì ń bá irú omi bẹ́ẹ̀ rìn. Bí ẹ bá gé tìmùtìmù láàárọ̀, tí ẹ wá fi ọ̀bẹ kan náà gé tòmátì lálẹ́, ẹ ti bu omi ṣáláńgá sínú ọbẹ̀. Ọ̀bẹ ìdáná kò sí nínú àpò tí a pín, a sì gbà pé àléébù ni. Ẹni tí kò bá ní, kó wí fún wa.

Nítorí ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí inú oríkèé yìí kan náà, a bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi gé ìwọ́ ọmọ tuntun. Aláboyún wà ní gbogbo ibùdó, ọmọ kì í sì í dúró de ọkọ̀. Kòkòrò àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé nínú ilẹ̀ àti nínú ìgbẹ́ ẹran, ó sì lè gba ojú ìwọ́ wọ ara ọmọ. Bí ìrọbí bá dé tí kò sí nọ́ọ̀sì nítòsí, abẹ tuntun tí a kò tíì ṣí bébà rẹ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì gbé ìyá àti ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní kíá.

Ejò náà ń sá fún omi bíi tiwa, ó sì ń wá ibi gbígbẹ: abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, inú kọ́bọ́ọ̀dù, àárín aṣọ. Ọ̀bẹ yìí kúrú jù láti fi bá ejò jà, nítorí ibi tí ọ̀bẹ bá dé ni eyín ejò náà dé. Ẹ sún sẹ́yìn kí ẹ pe èèyàn. Bó bá ti bu ẹnì kan jẹ, ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ ya ojú ibẹ̀, ẹ má ṣe fi ẹnu fà á, ẹ má sì fi okùn dì í pinpin. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà dúró jẹ́jẹ́, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó nira fún wa láti kọ. A gbọ́ pé àwọn kan ń sùn ti ọ̀bẹ yìí nínú ilé tí wọ́n ń ṣọ́ lóru, nítorí àwọn olè tó ń wọ ilé tí omi ti lé onílé jáde. A mọ ìrora yẹn: ohun díẹ̀ tí omi ṣẹ́kù, kí olè wá kó o. Síbẹ̀, ohun tó ń ká mọ́ni lọ́wọ́ lójú iṣẹ́ yóò ká mọ́ni lọ́wọ́ nínú ìjà, ẹni tó bá sì fa ọ̀bẹ yọ ni wọn yóò kọ́kọ́ ṣá. Ẹ ṣọ́ ilé ní ẹni mẹ́ta mẹ́rin, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti fèrè. Lójú ọ̀nà pẹ̀lú, ẹ kì í mọ ohun tí ọlọ́pàá yóò rò bí wọ́n bá bá ọ̀bẹ ńlá lápò yín lálẹ́. Ẹ ká a, ẹ fi í sí ìsàlẹ̀ àpò irinṣẹ́ pẹ̀lú okùn àti ìbọ̀wọ́, kó hàn pé iṣẹ́ lẹ ń lọ.

Bó bá gé yín

Ẹ tẹ aṣọ tó mọ́ mọ́ ojú ọgbẹ́, kí ẹ gbé ọwọ́ náà sókè, kí ẹ má ṣe ṣí i wò títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ṣeé mu fọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ má ṣe fi epo bẹntiróò, ilẹ̀ tàbí eérú sí i. Ọgbẹ́ tó bá kan omi ìdọ̀tí gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà, bó ti wù kó kéré tó, nítorí abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Bí ẹ kò bá rántí ìgbà tí ẹ gbà á gbẹ̀yìn, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún nọ́ọ̀sì, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí ìka kò bá ṣeé tẹ̀ mọ́, tàbí tí kò mọ nǹkan lára, iṣan ló ti já. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ, kì í ṣe kẹ́míìsì.

Ìtọ́jú ọ̀bẹ kò gba àkókò. Lálẹ́, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ ní ṣíṣí, ẹ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó ká a, kó má baà dípẹtà nínú. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ kán méjì sí oríkèé ti tó. Òróró ẹ̀pà lè ṣe é bí kò bá sí òmíràn, ṣùgbọ́n yóò le pọ́n-ún bó bá pẹ́, ẹ ó máa fọ̀ ọ́ kúrò. Bí ẹ bá fi jíìkì pa kòkòrò ara rẹ̀, ẹ ṣan án kíá, nítorí ó ń jẹ irin. Ẹ máa pọ́n ọ́n, nítorí ọ̀bẹ tó kú ni a ń fi agbára tẹ̀, agbára yẹn ló sì ń mú un yọ̀. Kíkápọ̀ ni kí ẹ máa gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹ gbé e kọ́ sókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó, nítorí ohun tó ń ṣí tó ń ká, eré ni lójú wọn.

Ọ̀bẹ tí ìkọ́ rẹ̀ kò bá di irin mọ́, tàbí tí èèkù rẹ̀ ti sán, ẹ fi okùn dì í ní kíkápọ̀, kí ẹ kó o wá sí ibi tí a ti ń pín ọṣẹ. A ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ fún yín láìbéèrè ohun tí ẹ fi ṣe.